Bí àbúrò mi ṣe kúrò lórí ọ̀kadà bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Sùúrùlérè

Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022 ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé bó bá ti di ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà l'Ékòó: Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ìkéde náà àti ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká mọ́. Bajaj Boxer ló fi ń gbé èrò láàárín Àgùdà, Masha àti Lawanson. Ó ta Boxer náà, ó gba kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àwìn, orí kẹ̀kẹ́ náà ló sì wà títí di òní. Èmi ni mo ṣe onídùúró fún un nígbà tó ń gbà á, èmi náà ni mo ń bá a kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀, torí náà, mo mọ ọ̀rọ̀ yìí tinú tẹ̀yìn.

Nígbà tí òfin yẹn jáde, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò fi ọ̀kadà jẹun rí ni pé, "Kí wọ́n ṣáà lọ gba kẹ̀kẹ́." Àfi bí ẹni pé táyà kan péré ni wọ́n máa fi kún un, iṣẹ́ á sì máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi mọ gbogbo ojúlé Àgùdà bí ẹni mọ owó, kò sì sí ìgbà tí kò ní ìwé ìwakọ̀ lápò. Síbẹ̀ ọmọ iṣẹ́ ló padà dà lórí kẹ̀kẹ́ náà, nítorí iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀kadà ń ṣe.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba Èkó àti ọlọ́kadà ti ń fà á. Ní 2012, nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, òfin ìrìnnà lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù Kejì, 2020, wọ́n lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà kan náà yìí, pẹ̀lú agbègbè ìdàgbàsókè mẹ́sàn-án àti afárá 40. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé kẹ̀kẹ́ wà nínú òfin ti 2020 yẹn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó fi rìn dé ibi iṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi fóònù pe ọ̀kadà fún èrò fara gbá a: Gokada yí padà sí gbígbé ẹrù, ORide sì kógbá sílé. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ yọ́ padà sínú àdúgbò, ọ̀kadà náà tẹ̀ lé e. Ti 2022 yìí wá yàtọ̀, ọ̀kadà nìkan ni wọ́n dojú kọ. Ìjọba sọ pé ẹni tó ń gùn ún àti èrò tó jókòó sẹ́yìn, àwọn méjèèjì lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Èrò ni gbólóhùn yẹn bà lẹ́rù jù. Ọlọ́kadà ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá agbófinró sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń lọ sọ́jà kò mọ̀ ọ́n.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní tiẹ̀. Nígbà tí Buba Marwa ń ṣèjọba Èkó, láàárín 1996 sí 1999, ni ó dé, orúkọ rẹ̀ náà ni a sì fi ń pè é. Lẹ́yìn 2001, NAPEP, ètò ìjọba àpapọ̀ fún gbígbógun ti ìṣẹ́, pín in káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn ará Kánò ti ṣe irú ìyípadà yìí ṣáájú wa: wọ́n fòfin de ọ̀kadà èrò ní 2013, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Àdàídàítà Sáhù ti wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí òfin tó dé. Tiwa l'Ékòó, òfin ló ṣáájú, a wá ń sáré wá kẹ̀kẹ́ kiri.

Sísáré wá a yẹn gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ọlọ́kadà Sùúrùlérè ló fẹ́ ta ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń rà á ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkòròdú, Badagry, Ẹ̀pẹ́ àti ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí òfin náà kò dé, ni wọ́n ń kó wọn lọ, owó tí wọ́n sì ń dá lé e kò jẹ́ kí àbúrò mi sùn. Boxer rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, táyà ẹ̀yìn ṣì jẹ́ tuntun, ẹnìkan sì wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kí ó mú ìdajì owó tó fi rà á. Ó kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni náà dín in kù. A kò jẹ́ kí ó di ọjọ́ kẹta. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ìjọba ti fi katakata fọ́ ọ̀kadà tó lé ní 2,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn, nígbà náà ni àbúrò mi dẹ́kun kíkùn nípa iye tó ta tirẹ̀.

Owó kẹ̀kẹ́ tuntun ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún yẹn, owó ọ̀kadà kan kò lè gbé e rárá. Háyà pọ́ṣéèsì ló kù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wàá san owó àkọ́kọ́, wàá mú onídùúró méjì wá pẹ̀lú fọ́tò àti àdírẹ́sì, wàá sì máa san iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Ìwé kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ olówó títí di ìgbà yẹn. Bí o bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, ó lè gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ohun tí o ti san sì wọgbó. Mo fọwọ́ síwèé náà, mo sì sọ fún un kí ó tó di pé a jáde níbẹ̀ pé kí ó má ṣe gbàgbé pé iye tó máa san kù díẹ̀ kí ó tó ìlọ́po méjì owó kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e jáde ná."

Gbígbé e jáde gan-an wá di ẹ̀kọ́.

Ara lèèyàn fi ń gun alùpùpù. Bí o bá fẹ́ yà sápá ọ̀tún, wàá dẹ ara sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á sì bá ọ dẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í dẹ̀. Bí o bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, ìwúwo rẹ̀ á sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde, táyà ẹ̀yìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú á sì gbéra nílẹ̀. Táyà kan ṣoṣo ló wà níwájú, kò sí èkejì tó máa gbà á dúró. Ìgbà tí kò sí èrò lẹ́yìn ló burú jù, torí awakọ̀ nìkan ló wà níwájú, kò sí ohun tó tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò mi dá gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó wọ kọ́nà bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú Boxer, ó fi ara dẹ̀ sápá òsì, kẹ̀kẹ́ náà sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó padà sílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣẹ́ eré kù kí ó tó dé kọ́nà, kì í dúró di ìgbà tó bá wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kòtò. Ojú ọ̀nà àdúgbò wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọlọ́kadà a máa yí kòtò po torí pé ipa kan ṣoṣo ni táyà rẹ̀ méjèèjì ń tọ̀. Onímọ́tò a máa jẹ́ kí kòtò gba àárín táyà rẹ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ ní ipa mẹ́ta: ti iwájú ní àárín, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kòtò tí táyà iwájú bá yẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn lè já sí i. Bí o bá sì fẹ́ kí kòtò gba àárín, táyà iwájú wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni èrò ń bú àbúrò mi nítorí èyí. Ẹni tó bá jókòó lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, orí rẹ̀ ló ń gbá irin òkè.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà tún gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ipò. Lórí Boxer, ẹsẹ̀ òsì ló ń yí gíà, ọwọ́ òsì ń di kílọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ ọ̀tún ń fún un níná, ó sì tún ń di bíréèkì iwájú. Lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì ló ń ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì àti gíà pọ̀: wàá fún lífà, wàá yí ìdìmú náà lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ni bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì àbúrò mi kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ó sì ń tapá sílẹ̀ lásán bí ẹni ń wá gíà nígbàkúùgbà tí danfó bá dá dúró níwájú rẹ̀ lójijì. Rífáàsì wá ni tirẹ̀ gan-an. Ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kadà sẹ́yìn láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó fà sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ fẹ̀ ju mítà kan lọ, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ. Ibi tí orí bá gbà kọjá, ìdí lè má gbà. Ó fi ìdí kẹ̀kẹ́ gbá díńgí mọ́tò kan ní Masha, owó díńgí náà sì jáde látinú owó ọ̀sẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, oṣù méjì-mẹ́ta kó wọn nílẹ̀. Apá tí kò tètè kó nílẹ̀ ni òwò náà.

Ọlọ́kadà dá dúró. Ẹnìkan á na ọwọ́ níwájú ilé rẹ̀, ẹ máa ná an, o máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà ibi tó ń lọ. Bí ọ̀nà bá dí, o gba ẹ̀gbẹ́ gọ̀tá. Bí ebi bá pa ọ́, o páàkì. Kẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ bíi danfó ni, àbúrò danfó ni mo ń pè é. Ó ní páàkì, ó ní tọ́ọ̀nù, ó ní ojú ọ̀nà tí wọ́n yàn fún ọ, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tí wọ́n ń já fún ọ láàárọ̀ kí o tó gbé èrò kan. Wàá dúró títí yóò fi kàn ọ́, wàá máa pe orúkọ ibi tí o ń lọ, mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn, ọ̀kan á jókòó pẹ̀lú rẹ níwájú. Èyí tó wà níwájú yẹn, òfin kò fẹ́ ẹ, àmọ́ nínú rẹ̀ ni èrè wà, torí mẹ́ta àkọ́kọ́ ti gbọ́ ti epo, tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọ̀sẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò gbèsè náà ló ń sọ èèyàn di arúfin lójoojúmọ́, mi ò sì tíì rí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì náà ń bẹ. Lórí ọ̀kadà, èrò kan, owó kan. Lórí kẹ̀kẹ́, èèyàn mẹ́rin ń sọ̀ ní ibi mẹ́rin, kálukú mú owó ńlá dání, ìwọ sì gbọ́dọ̀ máa wa ọkọ̀ kí o máa ṣírò. Àbúrò mi tó máa ń ṣe wéréwéré nídìí owó bẹ̀rẹ̀ sí í so èrò pọ̀ bí àwọn kọ̀ńdọ́: "Ìyá, ẹ bá mi dúró ti bọ̀dá yìí, ẹ jọ ń sọ̀ ni." Inú èrò kì í dùn sí i. Mo rántí pé lálẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ní iṣẹ́ yìí kún fún ariwo ju ti àtijọ́ lọ, pé lórí ọ̀kadà òun lè má sọ ju gbólóhùn méjì lọ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ju ọ̀kadà lọ, a kò gbọdọ̀ fi ẹnu yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá ti ṣú, iṣẹ́ tán nìyẹn. Lórí kẹ̀kẹ́, òjò ni ọjọ́ ọjà: wàá sọ tapólì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀, àwọn tí wọn kì í wọ kẹ̀kẹ́ rárá á sáré wọlé. Ìyá arúgbó, aláboyún, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n tó tún gbé lẹ́dà ata àti tòmátì dání, àwọn yìí kò fi gbogbo ara nífẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rí. Obìnrin tó bá ti wọ ọ̀kadà l'Ékòó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí àpá sàlẹ́ńsà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní ọ̀kan. Bí a bá sì dárúkọ Ìgbóbì, ilé ìwòsàn àwọn tí eegun wọn dá, kò sí ọlọ́kadà tí kò mọ ẹnìkan tó ti sùn níbẹ̀. Ìyá wa kò sùn dáadáa ní gbogbo ọdún tí àbúrò mi fi wà lórí Boxer. Láti ìgbà tó ti bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ti ń sùn.

Àmọ́ inú ọ̀nà tó dí ni gbogbo àǹfààní yẹn ti ń bọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ọlọ́kadà rówó ní Sùúrùlérè ni sún kẹrẹ fà kẹrẹ, torí pé òun nìkan ló lè là á kọjá. Kẹ̀kẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ́ńjìnnì ń jó epo lásán. Ẹ́ńjìnnì Boxer àbúrò mi jẹ́ nǹkan bíi 100 cc. Ti kẹ̀kẹ́ tó nǹkan bíi 200. Epo tó fi ń ṣe gbogbo ọjọ́ tẹ́lẹ̀ kò gbé e dé ọ̀sán mọ́. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bíi 500, ìwé tí mo ń kọ owó sí fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kan wà tí gbogbo ohun tó wọlé pín sí epo àti gbèsè, kò sí ẹ̀kẹta. Mo lọ bá olówó kẹ̀kẹ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fà á gùn díẹ̀. Ó gbà, ó sì fi owó lé e.

Ní ti àtúnṣe, kò gbà mí lákòókò púpọ̀ láti sọ. Ṣéènì àti púlọ́ọ̀gì ni wàhálà ọ̀kadà, o lè ṣe é fúnra rẹ lábẹ́ igi. Kẹ̀kẹ́ ní táyà mẹ́ta àti sípéà kan, ó ní àwọn rọ́bà tó wà láàárín gíàbọ́ọ̀sì àti táyà ẹ̀yìn tó máa ń jẹ bí o bá ń gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ní iná, fìlásà àti wáípà tí rẹ́wáyà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Mẹkáníìkì ọ̀kadà àbúrò mi kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ó ní láti wá ẹlòmíràn.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìdúró ọ̀kadà yẹn ló bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Òkè Ọya tí wọ́n wà níbẹ̀ kò rí ẹni tó máa ṣe onídùúró fún wọn, wọ́n gbé ọ̀kadà wọn, wọ́n kúrò l'Ékòó. Méjì wọ iṣẹ́ dìsípáàṣì, wọ́n ń gbé páálí oúnjẹ àti aṣọ kiri dípò èèyàn, torí òfin náà kò dí iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi tímọ́tímọ́ kan ní òun kò lè jẹ gbèsè mílíọ̀nù. Ó fo Ìtìrẹ́ kọjá, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní apá Múṣin, níbi tí ọ̀kadà ṣì ti ń na ẹsẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2022, ìjọba fi Múṣin, Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́ àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún un. Apá Ìkòròdú ni ọ̀rẹ́ náà wà báyìí, ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, ọ̀kadà náà ṣì ni. Nígbà tí mo bi í léèrè bóyá ó kábàámọ̀ pé kò gba kẹ̀kẹ́, ó ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mi ò ní èsì.

Àbúrò mi san gbèsè tirẹ̀ tán, ó pẹ́ ju bí a ṣe ṣètò rẹ̀ lọ, ìwé kẹ̀kẹ́ sì ti dọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń wá ọmọ kan tó máa fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe délífárì fún un, ìyẹn ni pé kí ó máa wà á kí ó sì máa dá owó fún un, kí òun lè gba òmíràn, lọ́tẹ̀ yìí láìgba háyà pọ́ṣéèsì. Mo ti sọ fún un pé kí ó má gba ọlọ́kadà tí kò tíì wa kẹ̀kẹ́ rí láìkọ́ ọ ní kọ́nà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rọ́pò ni ojúlé sí ojúlé. Ní ẹ̀yìn Àgùdà, àwọn òpópónà kan wà tí ilé fún mọ́ ara wọn, tí pákó ni wọ́n tẹ́ sórí gọ̀tá fún àti kọjá. Ọ̀kadà ń gba orí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lè gbà á. Àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí ìjọba kó wá ní 2021 fún irú ìrìn àjò kúkúrú báyìí kò tilẹ̀ dé itòsí ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ a máa bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu kọ́nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ọlọ́kadà díẹ̀ máa ń yọ́ jáde láti wá gbé wọn, ìlọ́po owó àtijọ́ ni wọ́n sì ń gbà, nítorí owó ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀.